Ta Ni Mọ́mì Ń Kí Nínú Yàrá?

"Ìyá yìí ti tún dé adé!"

Stella ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ó gbé fóònù sókè bí ẹni tó mú ẹja ńlá lódò, ó ń fi í han gbogbo pálọ̀. Lórí fóònù náà, ọ̀dọ́ jagunjagun inú géèmù wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà ààfin, adé iyùn wà lórí ẹ̀, ó ń tàn yòò. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára ẹ̀. Aṣọ ẹ̀ ò ya. Idà ẹ̀ mọ́ tónítóní, bí idà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí.

Ọlákìtán gba fóònù náà. Ó wo iwájú ẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀, ó tún dorí ẹ̀ kodò, bíi pé màgòmágó inú ẹ̀ á já bọ́ láti ojú ihò ṣájà.

"Idà tí kò kan ẹ̀jẹ̀ rí," ló wí. "Báwo lèèyàn ṣe ń gba adé lọ́wọ́ Bàbá Onílẹ̀kùn láì yọ idà?"

Ó gbójú sókè. Ojú náà ò yà síbì kankan, ọ̀dọ̀ Yíwọlá ló lọ tààrà.

"Má wò mí o," ni Yíwọlá wí. "Èmi kọ́ ni mo bí ìyá mi."

Inú Close kan náà, òpópónà kékeré tó ní géètì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fifth Avenue ní Festac ni Ọlákìtán àti Yíwọlá dàgbà sí. Kuje tó wà nítòsí Amuwo ni Stella ti ń wá. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ọmọdé ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọra, nígbà tí èèyàn gbọ́dọ̀ ka ẹsẹ Bíbélì sórí kó tó gba bisikíìtì. Ní báyìí tí wọ́n ti gbọ́njú, géèmù orí fóònù ni wọ́n jọ ń ṣe, wọ́n sì pè é ní Adé Ìsàlẹ̀ Ọ̀sà. Ọ̀dọ́ kan ló wọ inú ọ̀sà lọ, sí ìlú àwọn iwin àti ẹja tó ń sọ̀rọ̀, ó fẹ́ lọ gba adé tó wà láàfin wọn. Ọlákìtán ló ń ṣòfin géèmù: ohun tó lè pa èèyàn, àti ohun tí wọ́n á fi san èrè fún un. Stella ló ń ya àwòrán. Yíwọlá ló ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tó ń mú kí àwòrán rìn, kó jà, kó kú. Mú Yíwọlá kúrò níbẹ̀, kàlẹ́ńdà lo máa bá.

Bàbá Onílẹ̀kùn ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin. Arúgbó gíga fíofío ni, irùngbọ̀n funfun, ọmọ odó lọ́wọ́. Bí o bá sún mọ́ ọn, á fi ọmọ odó yẹn gbá afẹ́fẹ́ láti ọ̀tún sí òsì, fùùù! Bó bá bá ọ lọ́rùn, o di ará ìbẹ̀rẹ̀ géèmù padà.

Ọ̀rọ̀ èrè yìí ni wọ́n sì ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ìgbà òjò.

"Làálàá ni," Ọlákìtán máa ń wí. "Ẹni tí kò ṣiṣẹ́, kó má jẹun. Bíbélì ló wí bẹ́ẹ̀."

"Bíbélì yẹn náà ló ní eré ìje kì í ṣe ti ẹni tó yára," Yíwọlá á dá a lóhùn. "Fi ojúrere díẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá ti lu èèyàn títí, jẹ́ kí ẹnì kan ṣàánú ẹ̀ nínú ìlú yẹn. Ìlú wo ni wọ́n ti ń na èèyàn láti ibodè dé ààfin?"

"Èkó."

"Ẹ ṣáà má fi àpótí oríire sí i," Stella á wí. "Àpótí téèyàn ń ṣí láì mọ ohun tó máa bọ́ síta, tẹ́tẹ́ ni. Pásítọ̀ wa á fi mí wàásù, á tún ní kí n dìde dúró."

"Ojúrere ni mo wí, mi ò wí tẹ́tẹ́. Ọlákìtán, ọjọ́ tí o gbàgbé 'Jésù sọkún,' ẹsẹ tó kúrú jù nínú gbogbo Bíbélì, ṣé bisikíìtì ò sí lẹ́nu ẹ lọ́jọ́ náà?"

"Ìyá ẹ ló fún mi."

"Kí lo ṣe kó tó fún ẹ?"

"Mo sọkún."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ títí wọ́n fi dìbò. Ọlákìtán àti Stella nawọ́ fún làálàá, Yíwọlá nìkan ló nawọ́ fún ojúrere. Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀ lókè níbẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní, "Ó dáa náà."

"Ó dáa náà" yìí ló wá ń dún létí Ọlákìtán báyìí bí aago ilé ìwé. Ta lẹ ti rí tó sọ "ó dáa náà" tó sì dáa lóòótọ́?

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ilé-iṣẹ́ kan tó ń wá géèmù tuntun ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú gbọ̀ngàn kan ní Amuwo. Ọlákìtán ti fi ẹnu ara ẹ̀ sọ fún wọn pé nínú géèmù tàwọn, kò sí ọ̀nà ẹ̀yìn: ẹni tó bá jà ló ń gba adé. Bí wọ́n bá wá rí ọ̀nà ẹ̀yìn níbẹ̀ ńkọ́?

"Yíwọlá, mo ń bi ẹ́ lójú Stella," ló wí. "Ṣé o fi ojúrere síbẹ̀ fún ìyá ẹ?"

"Rárá."

"Nítorí bí o bá fi í síbẹ̀, a ò lè jọ ṣe é mọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan òfin lẹ́yìn ìdìbò, kó kó láptọ́ọ̀pù ẹ̀ kó máa lọ."

"Mo gbọ́," ni Yíwọlá wí. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an tún mú ìfura Ọlákìtán le sí i. Èèyàn tí ò mọwọ́mẹsẹ̀, ṣé kì í pariwo ni?

Àwọn òbí ni wọ́n fún ní géèmù náà kí wọ́n dán an wò, torí Ọlákìtán gbà pé géèmù tí àgbàlagbà bá lè ta bí ayò, kò sẹ́ni tí kò ní lè ta á. Ìyá Yíwọlá, Mọ́mì Adébánjí, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, díákónẹ́ẹ̀sì ni nínú ìjọ. Bàbá Ọlákìtán, Dádì Akínfẹ́nwá, dírẹ́kítọ̀ ni ní tiẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ṣì ń wọ bàtà nínú ilé. Stella ló kọ́ àwọn méjèèjì bí wọ́n á ṣe ta á.

"Bọ́tìnì yìí, ẹ fi rìn. Èyí, ẹ fi yọ idà. Èyí, ẹ fi kúnlẹ̀, nígbà tí ọfà bá ń fò nínú igbó ọparun, kó lè kọjá lórí yín."

"Èmi?" ni Dádì wí. "Kí n kúnlẹ̀ fún ọfà?"

Ó dúró gangan nínú géèmù, ó sáré gba inú igbó ọparun kọjá. Nígbà tó fi máa jáde, ọfà ti kún ara ẹ̀ bí òòrẹ̀. Ó rọ́ dé iwájú Bàbá Onílẹ̀kùn, ó yọ idà, ó sì kú. Ó tún padà, ó tún kú. Ìbínú Dádì ò wá mọ sórí ikú. Ohun tó ń bí i nínú ni pé Mọ́mì Adébánjí, tó jẹ́ ọmọ abẹ́ ẹ̀ ní ọ́fíìsì, ti dé adé.

"A máa gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀," ló kéde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó gbé tábìlì kékeré síwájú ara ẹ̀, ó gbé ife omi lé e, ó wọ gíláàsì.

"Dádì, ta ni alága?" Ọlákìtán bi í.

"Èmi."

"Ta ló fẹ̀sùn kàn?"

"Èmi náà."

"Dádì, ẹlẹ́jọ́ tó tún jẹ́ adájọ́?"

"Ta ló tún ní ìrírí nínú Close yìí? Pe ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́."

Yíwọlá jókòó síwájú tábìlì. Ó ṣí láptọ́ọ̀pù ẹ̀, ó gbé gbogbo kóòdù kalẹ̀ láti orí dé ìdí, ó ní kí Ọlákìtán àti Stella wò ó bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n wò ó títí ojú Stella fi ń ṣomi. Kò síbi tí wọ́n ti kọ orúkọ Mọ́mì. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí Bàbá Onílẹ̀kùn ṣàánú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ ò rí i?" ni Yíwọlá wí.

"A ò rí nǹkan kan," Ọlákìtán dáhùn. "Ẹni tó mọ ibi tó tọ́jú nǹkan sí, ṣé ibẹ̀ ló máa mú wa lọ ni?"

Dádì fi gègé kan tábìlì. "Ìgbìmọ̀ fara mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn."

Ohun kan tún wà tó ń jẹ Ọlákìtán lọ́kàn. Mọ́mì Adébánjí kì í ta géèmù yìí lójú èèyàn. Bí wọ́n bá ti gbé fóònù fún un, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó bá jáde, á ti dé adé. Kí ló wà nínú yàrá yẹn?

Ó mú Stella lọ́wọ́, wọ́n jọ gba ẹnu géètì Close kọjá lọ sílé àwọn Yíwọlá. Bí wọ́n ṣe dé géètì, Bàbá Fàósátù tó ń ṣọ́ ọ ń bá Dádì Akínfẹ́nwá ṣe tiwọn lọ́wọ́. Dádì wà nínú mọ́tò, ó ń fun fèrè, pàáàn! pàáàn! Bàbá Fàósátù ń wá sálúbàtà. Ó rí ọ̀kan, ó ń wá èkejì. Ó rí èkejì, ó wá ń wá kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ sì rọ̀ pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ fèrè rí láyé. Mọ́mì Adébánjí ń bọ̀ láti Agboju lápá kejì, báàgì ọjà lọ́wọ́. Kó tó dé, géètì ti ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ ò rí i!" Dádì pariwo látinú mọ́tò. "Ó ti fowó ra bàbá yìí!"

Nínú ilé, Mọ́mì gba fóònù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ọlákìtán lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn náà. Stella lẹ etí tiẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ti Ọlákìtán. Wọ́n gbọ́ ohùn Mọ́mì, ó rọlẹ̀, ó dùn:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ kú ojú lọ́nà, sà." Ó tún dákẹ́. "Ilé ńkọ́, sà? Ṣé ara le?" Lẹ́yìn náà, tàánútàánú: "Áà, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ jókòó, sà. Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọlọ́run á dá yín lóhùn."

Ilẹ̀kùn ṣí. Stella ṣubú wọlé. Mọ́mì dúró síbẹ̀, adé ń tàn lórí fóònù lọ́wọ́ ẹ̀.

"Kí lẹ ń wá nísàlẹ̀?"

"Yẹtí mi ni, mà," ni Stella wí. Kò sí yẹtí létí ẹ̀ látàárọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ìta, Ọlákìtán fa Stella sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "O gbọ́? Ẹnì kan ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù mìíràn. Ẹni yẹn ló ń sọ bó ṣe máa ta á fún un. Ta ni 'sà' yẹn?"

"Mọ́mì fẹ̀yìn tì ní ipò gíga. Ta ni wọ́n tún máa pè ní sà?"

"Ẹni tó bá ń fún èèyàn ládé, kí lèèyàn ò ní pè é?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló wá sọ́kàn Ọlákìtán: Clement, tó ń ta ẹ̀rọ géèmù ní ọjà Trade Fair. Wọ́n ti fún Clement náà ní géèmù yẹn kó dán an wò, ó sì ti sọ nígbà kan pé bí Yíwọlá bá fẹ́ wá bá òun ṣiṣẹ́, àga ẹ̀ wà nílẹ̀. Ó parí! Yíwọlá ti fọ̀nà ẹ̀yìn han Clement, Clement ń fi í han Mọ́mì, kí wọ́n lè jọ tú àṣírí níwájú àwọn ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ọlákìtán tò ó jọ nínú orí ara ẹ̀ láti Festac dé Trade Fair, ó sì dán mọ́rán bí ilé tuntun.

Clement rí i, ó yọ gíláàsì ojú.

"Ìwọ! Ìwọ lo fi bàbá olódó yẹn síbẹ̀?"

"Clement, mo ti mọ gbogbo ẹ̀," ni Ọlákìtán wí.

"O mọ gbogbo ẹ̀ tí o fi jẹ́ kó máa pa mí? Géèmù yẹn ti kúrò lórí fóònù mi tipẹ́, ọ̀gbẹ́ni. Bàbá yẹn ò gba ẹ̀bẹ̀, kò gba idà. Ó tiẹ̀ tún wọ ojú oorun mi. Mo rò pé àwọn àna mi ló rán an."

Ilé tuntun wó. Ọlákìtán dúró láàárín ẹ̀rọ géèmù, kò mọ ẹni tó kàn tó máa fura sí. Ó rò ó, ó tún padà sórí ẹni tó ti ń fura sí tẹ́lẹ̀, torí ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Yíwọlá jáde lọ ra nǹkan jíjẹ, Ọlákìtán jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù ẹ̀. Kò mọ kóòdù kọ, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí wọ́n ti ń wọn agbára Bàbá Onílẹ̀kùn. Ó fi kún agbára ẹ̀. Ó fi kún ìyára ẹ̀. Ó wá rò ó lọ́kàn pé: bí Mọ́mì bá ṣì lè gba adé lọ́wọ́ bàbá tó le tó báyìí, a jẹ́ pé ojúrere wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sí àwáwí mọ́.

Nírọ̀lẹ́, ìgbìmọ̀ jókòó sí pálọ̀ Dádì. Mọ́mì Adébánjí náà wá, ó gba fóònù, ó bèèrè yàrá tí òun lè wọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Kí Dádì tó wọ gíláàsì tán, ó ti jáde.

Adé!

"Ó tiẹ̀ tún yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ni Mọ́mì wí tayọ̀tayọ̀, ó wọ kíṣìnì lọ mu omi.

Ọlákìtán dìde fùú. "Ẹ rí i! Mo ti mú un!"

"Gbé e wá," ni Dádì wí. Ó gba fóònù, ó gbé àyà síwájú, ó rọ́ gba inú igbó ọparun, ó dé iwájú Bàbá Onílẹ̀kùn. Kó tó yọ idà tán, fùùù! Orí ọ̀dọ́ jagunjagun fò kọjá òrùlé ààfin.

Dádì gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Ẹ̀kan ṣoṣo," ni Dádì wí jẹ́jẹ́. "Tẹ́lẹ̀, ó máa ń tó nǹkan kó tó pa mí. Ẹnì kan ti fi kún un." Ó na ìka sí Yíwọlá. "Ọmọbìnrin yìí ni! Ó fi kún un kí n má baà bá ìyá ẹ̀ dọ́gba! Ìgbìmọ̀ ti gbọ́, ìgbìmọ̀ ti rí. Kó máa lọ."

Ojú Yíwọlá pọ́n. Ó pa láptọ́ọ̀pù dé, ó rọra fi í sínú báàgì, ó fa síìpù ẹ̀. "Mo ti ń ṣe é pẹ̀lú yín láti ìbẹ̀rẹ̀," ló wí. "Ẹ bi mí, mo dáhùn. Ẹ wo kóòdù, ẹ ò rí nǹkan kan. Ó tó báyìí. Ọlákìtán, kí kàlẹ́ńdà yẹn tà fún yín lọ́jọ́ Sátidé."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ohun kan tó gún Ọlákìtán láyà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń lé ọmọ yìí lọ fún, ọwọ́ ta ló dá a?

"Èmi ni!"

Gbogbo orí yí padà.

"Èmi ni mo fi kún un. Lọ́sàn-án yìí. Mo fẹ́ fi mú un ni."

"Ìwọ?" Dádì yọ gíláàsì. "Ọmọ tí mo bí? Ìwọ lo gé mi lórí?"

"Ẹ dákun, Dádì."

"Ìgbìmọ̀ yìí ti wá rí i pé ọmọ alága ló pa alága!"

"Dúró ná," ni Stella wí. Ó ń wo Ọlákìtán bí ẹni tó rí aáyán nínú ọbẹ̀. "Lẹ́yìn ìdìbò, ìwọ nìkan lo fọwọ́ kan òfin. Ìwọ tó sọ pé kí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án máa lọ."

Àsìkò yẹn ni Mọ́mì Adébánjí jáde láti kíṣìnì, ife omi lọ́wọ́.

"Kí lẹ ń jà sí?"

"Mà," Ọlákìtán wí, "ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ máa ń kí nínú yàrá?"

Ìyá náà gbé ife kalẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Díákónẹ́ẹ̀sì odindi, ojú ń tì í bí ọmọ tó jẹ ẹran inú ìkòkò.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o," ló wí. "Ẹ mú fóònù wá."

Wọ́n pagbo yí i ká. Nínú igbó ọparun, ó kúnlẹ̀, ọfà kọjá. Ó dé ẹnu ọ̀nà ààfin. Bàbá Onílẹ̀kùn gbé ọmọ odó sókè. Mọ́mì tẹ bọ́tìnì ìkúnlẹ̀, orúnkún tòun fúnra ẹ̀ náà sì tẹ̀ díẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

Fùùù! Ọmọ odó gba òkè orí ọ̀dọ́ náà kọjá.

"Ẹ kú ojú lọ́nà, sà."

Fùùù! Ó tún kọjá.

"Ilé ńkọ́, sà?"

Fùùù, fùùù! Lẹ́yìn náà, Bàbá Onílẹ̀kùn mí hẹlẹ, ó fìdí ọmọ odó tilẹ̀, ó jókòó. Ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Mọ́mì rìn wọlé lọ gbé adé.

"Mà," ni Yíwọlá wí, báàgì ṣì wà léjìká ẹ̀, "ẹ ò rí i pé ó ń jù ú lù yín ni?"

"Lù mí kẹ̀? Ó ń juwọ́ sí mi ni. Ẹ wo ojú ẹ̀ dáadáa. Ṣé kì í ṣe Bàbá Fàósátù ti ẹnu géètì nìyẹn?"

Gbogbo wọn tẹ orí mọ́ fóònù. Irùngbọ̀n yẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó rọ̀ pẹ̀sẹ̀ yẹn.

Stella fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mi ò mọ arúgbó mìíràn tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Òun ni mo wò yà á."

"Ṣé kí n wá máa fi idà gún Bàbá Fàósátù?" ni Mọ́mì wí. "Lójoojúmọ́ ni mo ń kí wọn. Mo sì mọ̀ pé àwòrán ni o! Ìdí tí mo fi ń ti ilẹ̀kùn nìyẹn, kí wọ́n má baà lọ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Díákónẹ́ẹ̀sì ń forí balẹ̀ fún ère."

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tó ń jókòó?" Dádì bèèrè. "Ta ló sọ pé kó máa rẹ̀ ẹ́?"

Yíwọlá kàn yí ojú sí Ọlákìtán, ó sì dúró. Ọlákìtán rántí. Òun ló ṣòfin yẹn: ẹni tó bá ju ọmọ odó títí tí kò ba nǹkan kan, kó rẹ̀ ẹ́, kó jókòó. Ó ṣe é fún àwọn tó bá ń fò síwá sẹ́yìn, tó ń làágùn, tó ń ṣe làálàá. Àgbàlagbà tó ń kí àgbàlagbà ò sí lọ́kàn ẹ̀ nígbà yẹn. Lónìí, bó ṣe fi kún agbára àti ìyára bàbá náà, ńṣe ló tètè rẹ̀ ẹ́. Ojúrere tó ń wá kiri lọ́wọ́ Yíwọlá, ilé tiẹ̀ ló ti jáde.

Yíwọlá tún báàgì ṣe léjìká. "Ó dáa náà," ló wí, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Ọlákìtán dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà kan ilẹ̀, gìì.

Yíwọlá yí padà. "O wá ń dọ̀bálẹ̀! O ò jẹ́ dọ̀bálẹ̀ kó o tó lọ bá Clement? Ó ti sọ fún mi! O pè mí lólè lójú Stella! Ìyá tó fún ẹ ní bisikíìtì, o lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn! O wọ láptọ́ọ̀pù mi!"

Ọlákìtán gbé orí díẹ̀, ó fẹ́ sọ tẹnu ẹ̀.

"Má dìde o!" Dádì ké láti orí àga. "Bó o bá dìde, á bá ẹ lọ́rùn!"

Ọlákìtán tètè dá orí padà sílẹ̀. Yíwọlá sọ ọ̀rọ̀, ó kọjá lókè orí ẹ̀. Ó tún sọ òmíràn, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun náà kọjá. Bó ṣe ń le sí i ló ń rẹ̀ ẹ́ sí i. Nígbà tó yá, ó mí hẹlẹ, ó jókòó sórí apá àga, báàgì bọ́ sílẹ̀ léjìká ẹ̀.

"Mo lè máa gbé jẹnẹrétọ̀ yín lọ síbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe," Ọlákìtán wí láti ilẹ̀. "Mo lè máa ra epo sí i. Mo lè máa..."

"Làálàá nìyẹn," ni Yíwọlá wí. "O ò lè ṣe é tán. Dìde. Mo kàn fún ẹ ni."

Wọ́n tún ìbò dì lójú ẹsẹ̀: ṣé kí wọ́n dí ọ̀nà ìkíni yìí, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún àwọn ará ilé-iṣẹ́ pé ọ̀nà méjì ló dé ibi adé? Ọwọ́ Ọlákìtán ló kọ́kọ́ lọ sókè fún kí wọ́n fi í sílẹ̀. Agbára tó fi kún Bàbá Onílẹ̀kùn, Yíwọlá dá a padà bó ṣe wà. Mọ́mì Adébánjí bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan péré.

"Ẹ jẹ́ kó máa dáhùn. Kò dáa kéèyàn kí àgbà kó má dáhùn."

Dádì nìkan ni kò fọwọ́ sí i. Ó kó gègé àti ife omi ẹ̀ jọ.

"Ọmọ ọdún mélòó ni bàbá olódó yẹn?" ló bi Stella.

"Igba ọdún, sà."

"Ọjọ́ orí gidi ni, àbí èyí tó fún ọ́fíìsì?"

"Sà?"

"Mo bá àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé ọdọọdún ni wọ́n ń kéré sí i. Títí wọn ó fi mú ìwé ìbí ẹ̀ wá, mi ò lè kúnlẹ̀ fún un." Ó jáde, ó wọ mọ́tò, ó sì fun fèrè, pàáàn! Bàbá Fàósátù bẹ̀rẹ̀ sí í wá sálúbàtà.

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n ti múra tán láti lọ sí Amuwo, fóònù tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àfihàn ni wọn ò rí. Wọ́n wá a lábẹ́ àga, wọ́n wá a nínú báàgì Stella. Ojú Ọlákìtán ti ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, ó ń wá ẹni tó máa fura sí. Yíwọlá rí ojú náà.

"Gbìyànjú ẹ̀," ló wí.

Ọlákìtán yára wo àjà ilé.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ ohùn kan láti yàrá Dádì tó tì pa. Ohùn náà rọlẹ̀. Ó kọ́kọ́ wú ikọ́ bí ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyókù tó jáde. "Sà."

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ ohùn arúgbó inú fóònù, kedere: "Kú àbọ̀, ọmọ mi."

Ọlákìtán kan ilẹ̀kùn. "Dádì, ta lẹ ń kí?"

"Kò sẹ́nì kankan níbí!" ni Dádì wí. "Fáìlì ni mò ń kà!"